MRI ní dísìkì màmá mi ti wú síta. Ṣé kí a gbà fún iṣẹ́ abẹ?

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ màmá mi ni mo gbé wá. Ẹni ọdún 63 ni wọ́n, aṣọ ni wọ́n ń tà n'Íbàdàn. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí ìdí ọ̀tún ti ń ro wọ́n, ó ń gba inú itan wá sí orúnkún. Wọn ò lè jókòó sórí àpótí mọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ wọ bàtà, àfi kí n bá wọn wọ̀ ọ́.

Ilé ìwòsàn tí a kọ́kọ́ lọ, a ò tíì rojọ́ tán tí dókítà ti kọ MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, fún wa. A dáwó jọ, a yà á. Èsì ní dísìkì L4/L5 àti L5/S1 (bíi tìmùtìmù láàárín àwọn eegun ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn) ti wú síta, ti ìsàlẹ̀ sì ń tẹ iṣan ìmọ̀lára lápá òsì. Dókítà ka ìwé náà, ó ní iṣẹ́ abẹ ni. Láti ọjọ́ náà ni màmá ti ń sunkún. Kí ni kí a ṣe?

Ìyá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á wò wọ́n sàn. Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún èmi náà ní 2019. Fisio (ìtọ́jú pẹ̀lú eré ìdárayá) oṣù méjì ààbọ̀ ni mo ṣe, mo ti ń pọnmi báyìí. Ẹ má kánjú.

Alágbo Òdodo: Ẹ wá bá mi ní kọ̀rọ̀, mo ní nǹkan tó máa fà á tu.

Alábòójútó: Bàbá, a ti ní kò sí ìpolówó níbí o.

Fisio Ọmọ Ọ̀ṣun: Ẹ dúró ná. Ọ̀tún ló ń ro wọ́n, òsì ni èsì ní dísìkì ń tẹ. Ṣé ẹ kíyè sí i? Ohun tó wà nínú fíìmù wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ fíìmù ò lè sọ bóyá òun ló ń dùn wọ́n. Ní 1994, àwọn dókítà kan l'Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí jáde lórí èèyàn 98 tí ẹ̀yìn ò ro rárá. Wọ́n ya MRI wọn. 52 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní dísìkì tó wú, ó kéré tán níbì kan. Bí ewú orí ló rí.

Ṣé dókítà gbé ẹsẹ̀ wọn sókè gbọọrọ nígbà tí wọ́n dùbúlẹ̀? Ṣé ó fi òòlù kékeré lu iṣan gìgísẹ̀ wọn? Ṣé ó ní kí wọ́n fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn?

Ẹni tó béèrè: Háà! Kò fọwọ́ kàn wọ́n rárá. Orí àga ni wọ́n wà títí a fi jáde.

Fisio Ọmọ Ọ̀ṣun: Mo mọ̀. Bí L5/S1 bá ń tẹ iṣan, ẹ̀yìn itan ni ìrora sábà máa ń gbà sọ̀ kalẹ̀ dé ẹsẹ̀. Inú itan, àpótí, bàtà: oríkèé ìgbáròkó ni mò ń fura sí. Ẹ wá ẹni tó máa yẹ̀ wọ́n wò.

Dókítà Ìlú Ọba: Mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bí ìtọ̀ bá kọ̀ tí kò jáde, tí ìgbẹ́ ń bọ́ láìmọ̀, tí ojú ara tàbí ibi tí wọ́n fi ń jókòó bá kú tipiri, tàbí tí ẹsẹ̀ méjèèjì ń rọ, ọsibítù ńlá lọ́jọ́ náà gan-an, kódà bó jẹ́ òru. Irú èyí ni MRI kò gbọdọ̀ pẹ́ fún. Ẹ má sọ fíìmù yẹn nù o, ẹ mú un dání.

Ẹni tó béèrè (ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà): Ẹ ṣé púpọ̀. Dókítà eegun gbé ẹsẹ̀ wọn gbọọrọ, kò sí wàhálà. Ló bá ká orúnkún ọ̀tún, ó yí itan náà sínú, màmá ké “Yéè!” títí nọ́ọ̀sì fi sáré wọlé. X-ray ìgbáròkó ló ní ká yà, owó rẹ̀ ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti MRI. Oríkèé ti jẹ. Ó fún wọn lóògùn, ó ní ká bẹ̀rẹ̀ fisio, kí wọ́n sì máa fọwọ́ òsì tẹ ọ̀pá. Màmá ní kí n bi yín: kí ló dé tó jẹ́ òsì, nígbà tó jẹ́ ọ̀tún ló ń dun àwọn?

Fisio Ọmọ Ọ̀ṣun: Ọ̀pá ọwọ́ òsì ló ń gba ẹrù kúrò lórí ìgbáròkó ọ̀tún. Ẹ ní kí wọ́n fọwọ́ ọ̀tún dán an wò dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n á dá a padà fúnra wọn.