Ọwọ́ tí rẹfirí nà: ìpè ni, kì í ṣe ìdájọ́

Ẹ̀gbọ́n wa ní Oǹdó, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka èsì tí ẹ fún ọmọ wa tó wà ní Sydney, mo tún un kà, oorun kò sì kun ojú mi dáadáa lóru ọjọ́ náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí láyè kí n ta kò yín. Kì í ṣe àfojúdi. Ọ̀rọ̀ èdè ni, ẹ̀yin náà lẹ sì kọ́ wa pé a kì í dákẹ́ sí i.

Fún àwọn tí kò bá wa bẹ̀rẹ̀: ọmọ Àkúrẹ́ ni ọmọ náà, ó sì fẹ́ ṣàlàyé fún ìyá rẹ̀ ní Òkè-Àró ìdí tí àwọn ará Canberra tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fi ń banú jẹ́ títí dòní lórí eré rọ́gíbì líìgì kan. Àṣekágbá NRL, ìdíje rọ́gíbì líìgì tó ga jù ní ilẹ̀ Ọsirélíà, ni, ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹwàá ọdún 2019: Sydney Roosters 14, Canberra Raiders 8. Ó bi wá pé kí ni kí òun pe ohun tí rẹfirí ṣe lọ́jọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n dáhùn pé “ìdájọ́ èké”. Èmi ní kì í ṣe èké, kì í tilẹ̀ ṣe ìdájọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ to bó ṣe ṣẹlẹ̀, nítorí mo wo fídíò tí ọmọ náà fi ránṣẹ́, mo sì wò ó ju ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lọ. Eré yìí kì í ṣe rọ́gíbì ẹlẹ́ni 15. Ọdún 1895 ni àwọn ẹgbẹ́ apá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti yapa ní Huddersfield, lórí owó tí wọ́n fẹ́ san fún òṣìṣẹ́ tó pa iṣẹ́ tì nítorí eré. Ẹni 13 ló sì ń ṣeré ní ìhà kọ̀ọ̀kan nínú tiwọn. Ẹgbẹ́ tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìdìmú mẹ́fà. Bí alátakò bá dì wọ́n mú tó ẹ̀ẹ̀mẹfà, bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ wọn, ìdí nìyí tí wọ́n fi sábà máa ń gbá a lọ sókè kí ẹ̀ẹ̀kẹfà tó pé. Bí ẹni tó ń dènà bá wá fọwọ́ bà á níbi tó ti ń wá a mú, kíkà bẹ̀rẹ̀ lọ́tun.

Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá mọ́ tí eré yóò parí, ọ̀mì ni wọ́n ṣì ń ta, 8 sí 8. Canberra gbá bọ́ọ̀lù sókè, wọ́n fò fún un, ó ta padà sọ́wọ́ Canberra. Ben Cummins, ọ̀kan nínú rẹfirí méjì tí NRL máa ń fi sórí pápá nígbà náà, na ọwọ́ sókè, ó ń jù ú: kíkà bẹ̀rẹ̀ lọ́tun nìyẹn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ fún un létí pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó ń ké pé ìdìmú tó kẹ́yìn ni. Àriwo èrò ti gba gbogbo pápá. Jack Wighton, tó ti rí ọwọ́ àkọ́kọ́, di bọ́ọ̀lù mọ́ àyà, ó jẹ́ kí wọ́n mú òun, ó rò pé ẹgbẹ́ òun ṣì ní ànfààní lọ́wọ́. Wọ́n gba bọ́ọ̀lù fún Roosters. Kò pẹ́ tí James Tedesco fi gbé e kọjá ìlà. Wighton yìí kan náà ló gba àmì ẹ̀yẹ Clive Churchill, ti ẹni tó ta yọ jù lọ́jọ́ náà, inú ẹgbẹ́ tí wọ́n nà ló sì wà. Àwọn aláṣẹ NRL sọ lẹ́yìn náà pé ibi tí rẹfirí parí sí tọ̀nà. Ọwọ́ tó kọ́kọ́ nà ni kò tọ̀nà.

Ẹ̀gbọ́n, níbo ni èké wà níbẹ̀? Èké ni ẹni tó mọ òtítọ́ tó fi pamọ́, tó ń bá ọ rẹ́rìn-ín tó sì ń gbẹ́ kòtò dè ọ́. Mo mọ ibi tí ẹ ti mú un. Gbogbo wa la ti jókòó ní pápá ìṣeré Àkúrẹ́ nígbà tí Sunshine Stars ń gbá bọ́ọ̀lù, tí a ń pariwo “Rẹfirí olè!” títí ohùn fi há. Èmi náà ti pariwo bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí inú bíbí sọ jáde lọ́jọ́ kan kọ́ ló yẹ kí a kọ sílẹ̀ fún ọmọ tí yóò lò ó lọ́dún 30 sí i. Bí a bá ti ní “ìdájọ́ èké”, a ti sọ pé ọkùnrin náà mọ̀ọ́mọ̀ ni. A ti dá a lẹ́bi kí a tó sọ ohun tó ṣe. Yorùbá sì ní ìdílé ọ̀rọ̀ kan nílẹ̀ fún ohun tí ènìyàn ṣe láìmọ̀ọ́mọ̀: àṣìsọ, àṣìgbọ́, àṣìkọ, àṣìlò. Àṣìpè, tí mo fẹ́ kí a fi pe ohun tí Cummins ṣe, ni àbúrò wọn. Mo mọ̀ pé àwa olùkọ́ èdè ti ń fi àṣìpè pe ọ̀rọ̀ tí ahọ́n kò pè bó ṣe yẹ. Kò burú. Ọmọ méjì lè jẹ́ Táyé ní àdúgbò kan, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má sì ṣìnà wọ ilé ẹnìkejì.

Èyí tó jẹ mí lógún jù ni ìdájọ́ fúnra rẹ̀. Oníròyìn ń lò ó, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò ń lò ó, ó ti mọ́ wa lẹ́nu débi pé a kì í wo inú rẹ̀ mọ́. Dá ẹjọ́. Ẹjọ́ ni ohun tí a máa ń rò: olùpẹ̀jọ́ á rò tirẹ̀, olùjẹ́jọ́ á rò tirẹ̀, ẹlẹ́rìí á dìde, kí ẹni tó jókòó tó la ẹnu. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é láàfin Déjì nìyẹn, bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní kóòtù nìyẹn, bí àwọn ìyá wa ṣe ń ṣe é láàárín ìyàwó ilé méjì náà nìyẹn. Ẹni tó bá gbọ́ ẹnu ẹnìkan tó sì dá a, àwọn àgbà ti sọ orúkọ tí yóò jẹ́: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Rẹfirí ńkọ́? Kò gbọ́ ẹnu ẹnìkan, áḿbọ̀sì ẹnu ẹni méjì. Ojú rẹ̀ rí i, ọwọ́ rẹ̀ nà, láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tòun ti òógùn lójú, tí èèyàn gìrìwò sì dúró sí ọ̀ọ́kán rẹ̀. Bí a bá pe èyí ní ìdájọ́, gbogbo rẹfirí ayé ti di àgbà òṣìkà kí wọ́n tó fọn fèrè àkọ́kọ́. Mo gbà tọkàntọkàn pé ara ohun tó ń mú wa bú wọn nìyí: a fi orúkọ adájọ́ pè wọ́n, a wá ń bínú pé wọn kò ṣe bí adájọ́.

Ìpè ni mo mú wá. Rẹfirí pè é ní mẹ́fà ọ̀tun, ìyẹn ni pé kíkà ìdìmú mẹ́fà bẹ̀rẹ̀ lọ́tun, ó tún pè é ní ìdìmú tó kẹ́yìn. Lẹ́nu ìyá mi ùpè ni, bí ulé àti uṣẹ́, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì yàtọ̀. Àbúrò wa tó kọ̀wé láti Ilé-Olújì ní ẹrù ti pọ̀ jù lórí ìpè: pípe ènìyàn síbi àsè, ìpè ni; bí ahọ́n ṣe ń pe ọ̀rọ̀, ìpè ni; fèrè tí wọ́n ń fun kí ọmọ ogun gbéra, ìpè ni. Àbúrò mi, èyí tí o fi kádìí yẹn gan-an ni mo ń wá. Bí ìpè bá dún láìdájú, ta ni yóò múra ogun? Wighton rí ìpè kan, ó múra sí i. Òmíràn dún tẹ̀ lé e, kò gbọ́. Ìdájọ́ lè dúró de ọ̀la. Ìpè gbọ́dọ̀ dé etí ẹni tó ń sáré lọ́wọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò wúlò.

Ẹ̀gbọ́n pa á lówe pé ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́, ẹ wá ní rẹfirí kò lẹ́tọ̀ọ́ láti kó ohun tó ti fọ́ jọ. Òwe náà bá ibẹ̀ mu dáadáa. Ṣùgbọ́n ká ní kò kó o ni, Canberra ìbá lo ànfààní tí kì í ṣe tiwọn, àwọn ará Roosters ni ìbá sì máa sunkún títí dòní. Kí wá ni orúkọ kíkó yìí? “Ó yí ohùn padà” ní ẹ̀tàn nínú. Ẹni tó yí ohùn padà lánàá, a kì í fọkàn tán an lónìí. “Ó kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ” ni mo fẹ́, torí ẹni tó kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ, ìṣojú gbogbo ènìyàn ló ti jẹ ẹ́, ojú sì tì í díẹ̀. Ó kó ìpè rẹ̀ jẹ.

Lórí ìdìmú tí mo fi pe dídá ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù dúró, àwọn kan fẹ́ kí a yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ìjàkadì, kí a ní ìdámọ́lẹ̀. Ó wù mí, nítorí tiwa ni ìjàkadì. Ṣùgbọ́n òfin eré náà kò ní dandan kí ẹ̀yìn kan ilẹ̀. Bí wọ́n bá di ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù mú lóòró tí kò lè tẹ̀ síwájú mọ́, ó ti kà. Bó bá ti wà nílẹ̀ tí alátakò kan gbé ọwọ́ lé e lásán, ó ti kà. Ọwọ́ tí a gbé léni kì í ṣe dídìmú, mo mọ̀, síbẹ̀ ìdìmú sún mọ́ ọn ju ìdámọ́lẹ̀ lọ.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ pe kíkà lọ́tun ní àtúnkà, ẹ jẹ́ kí a fi àtúnkà sílẹ̀ fún ìbò. Àtúnkà ni kí a tún ohun tí a ti kà kà, bóyá a ṣì í. Nínú eré yìí, iye tí wọ́n ti kà kò ní àṣìṣe, wọ́n kàn pa á rẹ́ ni. “Mẹ́fà sí i” náà kò dára tó, ọmọ tó mọ ìṣirò yóò fi mẹ́fà kún èyí tó kù. Mẹ́fà ọ̀tun ló bá a mu, bí ìgbà tí a da omi àná nù tí a pọn òmíràn. Kíkà yìí gan-an kò ti ìbẹ̀rẹ̀ wà: ṣáájú ọdún 1966, ẹgbẹ́ kan lè di bọ́ọ̀lù mú títí yóò fi sú àwọn tó ń wòran, mẹ́rin ni wọ́n kọ́kọ́ fi sí i, kó tó wá di mẹ́fà. Láti ọdún 2020, NRL tún ti ń fi mẹ́fà ọ̀tun jẹ ẹni tó bá ń fi ìdìmú fa àkókò níyà, ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ náà yóò ríṣẹ́ ṣe. Ìgbìyànjú fún tráì, ìyẹn gbígbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà alátakò, rárá o. “Ẹ kú ìgbìyànjú” ni a ń kí ẹni tí kò rí i ṣe. Tedesco rí i ṣe, àmì 4 ló gbà fún un. Ẹ jẹ́ kí tráì máa jẹ́ tráì títí ọ̀rọ̀ gidi yóò fi dé.

Ibi tí èdè wa ti dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo rẹ̀ kò tíì sí ẹni tó mẹ́nu bà á. Òfin eré náà ní ẹni tó bá fi ọwọ́ tàbí apá gbún bọ́ọ̀lù síhà òpin pápá alátakò, níbi tó ti ń wá bọ́ọ̀lù náà, ti ṣẹ̀. Gbogbo àríyànjiyàn wà nínú gbólóhùn kékeré yẹn, “níbi tó ti ń wá bọ́ọ̀lù náà”. Èdè wa ti là á kí eré tó bẹ̀rẹ̀. “Ó fọwọ́ ba bọ́ọ̀lù” kì í ṣe “bọ́ọ̀lù bà á lọ́wọ́”. Ọmọdé tó fọ́ àwo mọ ìyàtọ̀ rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi máa ń ní àwo ló bọ́ lọ́wọ́ òun. Nínú àṣekágbá 2019 yẹn kan náà, eré kò tíì jìnnà nígbà tí bọ́ọ̀lù kan tí ará Canberra fara dí ta lọ lu olùtọ́jú Roosters tó wà nínú pápá. Kò ba bọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù ló bà á. Síbẹ̀ Roosters ni wọ́n gbé bọ́ọ̀lù fún, ó sì dun àwọn ará Canberra wọra. Mo bẹ ẹnikẹ́ni tí yóò túmọ̀ òfin wọ̀nyí: ẹ má kọ “ìfọwọ́kàn” lásán. Ẹ sọ ẹni tó kan ẹnìkejì.

Ìdájọ́ kò ní ṣàìríṣẹ́ o. Lọ́dún 2020, NRL gbà kí balógun ẹgbẹ́ lè ta ko ìpè rẹfirí, kí wọ́n sì lọ wo fídíò. Balógun pẹjọ́, fídíò jẹ́rìí, ẹni tó jókòó sí yàrá wò ó síwá sẹ́yìn kó tó sọ̀rọ̀. Ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn nìyẹn, a sì ti ní ilé ẹjọ́ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ yìí. Ohun tó bá tibẹ̀ jáde, ẹ pè é ní ìdájọ́, n kò ní jiyàn. Èyí tí ọwọ́ rẹfirí nìkan sọ, ìpè ni.

Ọmọ wa, nígbà tí o bá pe ìyá rẹ lórí fóònù, sọ fún wọn báyìí: “Rẹfirí ṣi ìpè pè, ó pe mẹ́fà ọ̀tun. Nígbà tí wọ́n ta á lólobó, ó kó ìpè rẹ̀ jẹ. Ìpè kejì kò dé etí Wighton.” Kí o sì kọ̀wé padà sí wa, sọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti dá ọ dúró pé kò yé àwọn. Ibẹ̀ ni a ó ti tún un ṣe.