Kí ló dé tí weevil ń jẹ ewé kan tí kò ní fẹnu kan èkejì?

Kúnlé_B: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa kòkòrò. Àwọn weevil tó ń jẹ ewé, àwọn onímú gígùn yẹn, tẹ́ ẹ bá fún un ní ewé tí kì í ṣe tiẹ̀, á kàn máa rìn kiri lórí ẹ̀ ni, ebi lè fẹ́ẹ̀ pa á kú, kò ní jẹ. Ṣé òórùn ló fi ń mọ̀ ni àbí kẹ́míkà kan wà nínú ewé tó ń sọ fún un pé ó yá, máa jẹ?

Tọ́lá: Òórùn kàn ń pè é wá sídìí ewé ni o. Tó bá débẹ̀ á kọ́kọ́ gé e tọ́ wò, torí orí imú yẹn lẹnu ẹ̀ wà, ibẹ̀ ló ti máa mọ̀ bóyá kóun máa jẹ lọ. Ṣúgà máa ń mú wọn jẹun dáadáa, sucrose pàápàá. Ní láàbù wọ́n á rẹ pépà kan sínú omi ṣúgà, wọ́n á rẹ òmíì sínú omi lásán, wọ́n á wá wo èyí tí kòkòrò jẹ jù.

Kúnlé_B: Ṣúgà kẹ̀? Ewé wo ni ò ní ṣúgà?

Ṣadé: Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyẹn. Hypera postica, weevil kan tó ń jẹ ewé alfalfa (ewéko tí wọ́n fi ń bọ́ màlúù), onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Hsiao, kọ ọ́ ní 1969 pé adenine máa ń mú un jẹun gan-an, adenine tó wà nínú DNA gbogbo nǹkan abẹ̀mí o! Lójú tèmi, kẹ́míkà tó ń sọ pé "má jẹ" ló lágbára jù. Weevil míì, Otiorhynchus sulcatus, ń jẹ oríṣiríṣi ewé, àmọ́ àwọn rhododendron kan (igi òdòdó ni) ní kẹ́míkà kan nínú tí kì í jẹ́ kó fẹ́ jẹ ẹ́.

Tọ́lá: Ṣadé, kì í ṣe gbogbo wọn. Àwọn weevil Ceutorhynchus kan tó ń jẹ ìdílé kábéèjì, kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ glucosinolate ló ń mú wọn jẹun, òun náà ló ń jẹ́ kí mọ́sítádì ta lẹ́nu, ewéko sì fi ń lé àwọn kòkòrò míì sá. Ohun ìjà ewéko ló wá di àmì oúnjẹ fún wọn, ọ̀rọ̀ yẹn máa ń pa mí lẹ́rìn-ín.

Kúnlé_B: Tí wọ́n bá wá dín glucosinolate yẹn kù nínú ewé ńkọ́?

Tọ́lá: Ó ṣeé ṣe kí àwọn yìí má fi bẹ́ẹ̀ jẹ ẹ́ mọ́, àmọ́ àwọn ajẹ-gbogbo-ewé tó ń sá fún un tẹ́lẹ̀ lè wọlé wá o, ìgbín tí kò ní ìkarahun (slug) pàápàá.