Ọmọ ọdún kan tó kàn ń wó búlọ́ọ̀kù: báwo lẹ ṣe ń bá tiyín ṣeré?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òbí. Ọmọbìnrin mi pé ọdún kan ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní London sì fi báàgì búlọ́ọ̀kù ìṣeré ránṣẹ́ sí i, onírọ́bà àti onígi. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti to méjì tàbí mẹ́ta léra báyìí, ọwọ́ rẹ̀ ti dé bẹ̀: gbàgà! Á pàtẹ́wọ́, á wá máa wò mí pé kí n tún un tò. Òun fúnra rẹ̀ kò tíì to ẹyọ kan lórí èkejì rí. Ẹnu ló ń kó wọn lọ, tàbí kó kó wọn sínú abọ́, kó tún dà wọ́n sílẹ̀.

Ìyá mi ní kí n fọkàn balẹ̀, pé wíwó ni ọmọ ń kọ́kọ́ mọ̀ kó tó mọ títò. Oṣù mélòó ni tiyín nígbà tó kọ́kọ́ to méjì léra? Ṣé kí n máa di ọwọ́ rẹ̀ mú ni, àbí kí n máa tò kó máa wó?

Àwọn kéékèèké inú wọn tún ń kọ mí lóminú. Mo ti ṣa gbogbo èyí tó lè gba inú páálí róbótó àárín tíṣù kọjá kúrò, kó má baà há a lọ́fun. Àwọn onígi ńkọ́? Kí lẹ fi ń fọ̀ wọ́n tí igi kì í fi wú? Ẹ jọ̀ọ́, mò ń retí yín.