Èsì ní kò sí jẹjẹrẹ, dókítà tún fẹ́ já ẹran ara míì láti yẹ̀ wò. Ṣé ká gbà?

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará ilé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Inú ti ń run màmá wa tipẹ́, wọ́n ń rù, oúnjẹ díẹ̀ báyìí wọ́n á ní àwọn ti yó. Wọ́n wá ṣe endoscopy fún wọn, ìyẹn rọ́bà tó ní kámẹ́rà tí wọ́n ń tì gba ọ̀nà ọ̀fun wọ inú, dókítà rí egbò kan nínú àpòlúkù wọn, etí ẹ̀ ga ó sì le, ló bá já ẹran bíńtín méjì níbẹ̀ fún àwọn lábù. Èsì dé, wọ́n ní ọgbẹ́ lásán ni, inú gbogbo wa dùn, àfi bí dókítà ṣe ní òun máa tún un ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi ní ká má gbà láéláé, pé tí irin bá ti kàn án, ṣe ló máa tàn ká.

*Ìyá Bọ̀dé:* Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á fún màmá lálàáfíà. Àmọ́ ṣé wọn ò tíì fún wọn lóògùn ọlísà ni?

*Ẹni tó béèrè:* Wọ́n ti ń lò ó mà, ara ti ń fúyẹ́ díẹ̀, ìdí tá a ṣe ń lọ́ra nìyẹn.

*Ọmọ Lábù:* Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn tàn yín o, oògùn ọlísà lè mú kí egbò jẹjẹrẹ gan-an dà bíi pé ó ń jinná. Iṣẹ́ mi ni kí n máa wo ẹran ara lábẹ́ máíkíróskóòpù, ohun tó bá dé ọwọ́ wa nìkan la lè sọ̀rọ̀ lé. Ẹran méjì ti kéré jù, mẹ́fà sí mẹ́jọ ló dáa, kí wọ́n mú un yí etí egbò ká àti ní ìdí ẹ̀, torí àárín lè jẹ́ kìkì ẹran tó ti kú. Oríṣi kan tiẹ̀ wà tí kì í wú bíi kókó, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀ á kàn fọ́n ká sábẹ́ awọ, omi yíyọ̀ á kún inú wọn débi tí wọ́n á fi rí bí òrùka, signet ring la ń pè é, àpòlúkù á le gbagidi tí ojú awọ ò sì ní fi bẹ́ẹ̀ yí padà. GIST náà, oríṣi kókó míì, inú iṣan ara àpòlúkù ló ti ń hù, irin kékeré lè má débẹ̀. Ti pé á tàn yẹn, ẹ fọkàn ẹ̀gbọ́n balẹ̀, mímú ẹran báyẹn kọ́ ló ń mú jẹjẹrẹ tàn.

*Ìyá Bọ̀dé:* Tó bá wá jẹ́ òun ńkọ́?

*Ọmọ Lábù:* Orúkọ ẹ̀ gan-an lẹ máa béèrè mà. Adenocarcinoma, jẹjẹrẹ tó ń bẹ̀rẹ̀ lára awọ inú, ló pọ̀ jù nínú àpòlúkù, àmọ́ MALT lymphoma, jẹjẹrẹ àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbógun ti àrùn, wà tó jẹ́ pé, tí wọ́n bá tètè rí i, oògùn tó ń pa kòkòrò H. pylori nìkan lè mú un lọ.

*Ẹni tó béèrè:* Ẹ ṣé gan-an. A máa padà lọ, mo ti pe ẹ̀gbọ́n. Ṣé ti àkọ́kọ́ ò wúlò mọ́ nìyẹn?

*Ọmọ Lábù:* Ó wúlò o, ẹ gba gíláàsì àti búlọ́ọ̀kù ìda tí wọ́n fi ẹran yẹn sí, kí pathologist míì, ìyẹn dókítà tó ń yẹ ẹran ara wò, lè tún un wò pẹ̀lú ti tuntun.