Ọkọ̀ àjẹ̀ lórí dáàmù Erinlẹ̀: kí ni ká gbé dání, ìgbà wo ni ká jáde?

Ọmọ Òròkí
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin àgbà. Àwa mẹ́ta la fẹ́ gba Òkìnní, lẹ́bàá Òṣogbo, bọ́ sórí dáàmù Erinlẹ̀ nínú oṣù Ọ̀pẹ. Ọkọ̀ onípákó la máa háyà lọ́wọ́ àwọn apẹja. Kò ní ẹ́ńjìnnì, àjẹ̀ la ó fi wà á. Ibi tí ariwo ò sí lápá òkè la ń lọ, ká sùn síbẹ̀ mọ́jú, ká padà lọ́jọ́ kejì. Mo ṣírò àlọ sí kìlómítà 8. Ṣé wákàtí 3 á tó? Kí la fi ń mọ ọkọ̀ tó dáa? Omi mélòó la máa gbé?

Alájẹ̀
Ẹ kú ìmúra o. Bí omi bá pa lọ́lọ́, kìlómítà 3 ní wákàtí kan ni kẹ́ ẹ fi ṣírò, ìyẹn ni pé wákàtí 3 á tó. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn ló ni ìrìn yín, kì í ṣe jíjìn ọ̀nà. Lásìkò ọyẹ́, apá àríwá òun ìlà oòrùn ni atẹ́gùn ti ń wá. Òwúrọ̀ máa ń rọ̀, àmọ́ bí oòrùn bá ti ga, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í ru. Tí atẹ́gùn bá kọjú sí yín, ìdajì ìrìn lẹ máa rí rìn. Torí náà, ẹ wà lórí omi kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, kẹ́ ẹ sì ti gúnlẹ̀ kí aago 11 tó lù. Bẹ́ẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ ṣe é lábọ̀.

Ẹ má dá àárín omi kọjá torí pé ọ̀nà ibẹ̀ kúrú. Ẹ̀bá ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa tẹ̀ lé. Ewu tó wà níbẹ̀ ni kùkùté: igi tí omi dáàmù bò mọ́lẹ̀ ṣì dúró, bí omi bá sì ti fà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, orí wọn á kù díẹ̀ kó yọ. Iṣẹ́ ẹni tó jókòó níwájú ni pé kó máa wò. Bí ẹyẹ bá bà sí ojú kan láàárín omi tí kò fò, igi ló wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá forí sọ kùkùté, ẹ lè fà á sẹ́yìn. Bó bá fẹ̀gbẹ́ gùn ún ló máa ń dojú dé.

Ẹrù wá ńkọ́? Ẹ̀yin mẹ́ta, ká ní kílò 70 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, 210 nìyẹn. Omi mímu lítà 4 fún ẹnì kan lójúmọ́, ọjọ́ 2, ó di lítà 24, kílò 24 náà ni. Bágì omi inú ọ̀rá kan tó ní 20 jẹ́ lítà 10, ẹ ra 3, kẹ́ ẹ kó o sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì torí ọ̀rá máa ń bẹ́ tí pákó bá gún un. Bí gbogbo yín bá ti wọlé pẹ̀lú ẹrù, ẹ fi rúlà wọn láti ojú omi dé etí ọkọ̀. Bí kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 15, ẹ sọ nǹkan kalẹ̀. Kò sí àfojúdi nínú èyí rárá. Nǹkan tó wúwo, àárín ọkọ̀ nísàlẹ̀ pátápátá, kí ìdí ọkọ̀ sì wúwo díẹ̀ ju iwájú lọ. Iwájú tó bá wúwo á máa rì sínú ìgbì. Ìdí tó bá wúwo jù ni atẹ́gùn á fi máa gbá orí ọkọ̀ kiri.

Ọkọ̀ tó ti pẹ́ nínú oòrùn, ẹ fi omi kún un kó dúró dọ́jọ́ kejì, kí pákó wú, kí ojú ìsopọ̀ dí. Ẹ gbọ́n omi yẹn, ẹ sọ ọ́ sódò ní wákàtí kan, ẹ wo ibi tó ń jò. Ibi tó bá ṣì ń jò, aṣọ tí wọ́n ti rẹ sínú ọ̀dà ni wọ́n fi ń dí i. Ẹ má gba ọkọ̀ tí ìdí ìṣó rẹ̀ ti jẹrà.

Ọmọ Òròkí
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Ṣé kò ní dáa ká kúkú wa ọkọ̀ lórí Ọ̀ṣun nínú ìlú? Ó sún mọ́lé.

Ará Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun
Rárá o. Igbó Ọ̀ṣun tí odò náà gbà kọjá kì í ṣe ibi ìgbafẹ́ ọkọ̀. Èèwọ̀ ni pípẹja níbẹ̀ pàápàá, UNESCO sì ti kọ ọ́ sínú ìwé ogún àgbáyé láti ọdún 2005. Yàtọ̀ síyẹn, àpáta ló pọ̀ lójú odò náà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Erinlẹ̀ ni kẹ́ ẹ lọ, ṣùgbọ́n omi tí ìlú ń mu ni, ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ń bójú tó o àti baálẹ̀ etí omi. Ẹ jìnnà sí ògiri dáàmù àti ibi tí omi ti ń dà kọjá, kẹ́ ẹ sì gbẹ́ ihò ìgbọ̀nsẹ̀ jìnnà sómi.

Nọ́ọ̀sì Òkè-Fìà
Àtọ̀sí ajá, àìsàn tó ń mú kéèyàn tọ ẹ̀jẹ̀, lẹ ò mẹ́nu kàn. Ìgbín kéékèèké inú omi ló ń tọ́jú kòkòrò rẹ̀, awọ ara ló sì ń gbà wọlé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kò dìgbà téèyàn bá mu omi. Ibi tí ojúoró àti òṣíbàtà bá pọ̀ sí lẹ́bàá omi, tí kò jìn, ibẹ̀ ni ìgbín wà, ọ̀sán gangan sì ni kòkòrò ń jáde jù. Ẹ gúnlẹ̀ síbi tí kò ní ewéko, ẹ wọ bàtà òjò, ẹ má lúwẹ̀ẹ́. Omi tẹ́ ẹ máa fi wẹ̀, ẹ gbé e kaná. Èyí tẹ́ ẹ bá máa mu tí omi inú ọ̀rá bá tán, kó hó dáadáa fún ìṣẹ́jú 1.

Ẹ má sáré lo praziquantel, oògùn àtọ̀sí ajá, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá dé, kò lè pa kòkòrò tí kò tíì dàgbà. Ẹ lọ yẹ ìtọ̀ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, dókítà á fi ìwọ̀n kílò yín ṣírò oògùn.

Alájẹ̀
Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun. Ó ku díẹ̀. Life jacket 3, tí ẹ dè mọ́ra kẹ́ ẹ tó wọ ọkọ̀. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 méjì tó ṣófo, tí ọmọrí rẹ̀ dé dáadáa, ẹ so ọ̀kan mọ́ iwájú, ọ̀kan mọ́ ìdí, kí ọkọ̀ má bàa rì bí omi bá kún un. Bó bá dojú dé, ẹ di ọkọ̀ mú, ẹ má lúwẹ̀ẹ́ lọ sétí omi. Ike ìgbọ́nmi 2, kí ẹ fi okùn so wọ́n. Àjẹ̀ kan sí i, torí èyí tó bá ṣẹ́ kò ṣeé tún ṣe lójú omi. Fóòmù tó léfòó ni àmì àwọ̀n; ẹ gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, kẹ́ ẹ má gba orí ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sún ìrìn náà sí oṣù March, ẹ máa wo ìlà oòrùn lọ́sàn-án: bí ibẹ̀ bá ṣú dúdú, tí atẹ́gùn sì dá ṣíì, ẹ gúnlẹ̀ lójú ẹsẹ̀.