“Ẹgbẹ́ ìfọkàntán” kò bá trust Rockefeller mu

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ẹ̀gbọ́n wa dábàá pé kí á máa pe trust (ìṣètò tó kó ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ sábẹ́ àṣẹ àwọn èèyàn díẹ̀) ti àwọn olówó Amẹ́ríkà ayé Rockefeller, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ epo Standard Oil, ní “ẹgbẹ́ ìfọkàntán”, torí pé ìfọkàntán ni trust túmọ̀ sí lédè Gẹ̀ẹ́sì. Àbúrò wa kan dáhùn pé “àdánìkàntà” ló yẹ ẹ́. Ẹ má bínú, kò sí èyí tí mo fara mọ́ nínú méjèèjì.

Ní 1882, àwọn onípìn-ín ilé-iṣẹ́ epo bí 40 kó ìpín wọn lé èèyàn 9 lọ́wọ́, Rockefeller sì wà nínú àwọn 9 yìí. Èyí ni wọ́n ń pè ní Standard Oil Trust. Èrè ń wọlé fún àwọn onípìn-ín, àmọ́ àṣẹ ti kúrò lọ́wọ́ wọn. Òfin ìgbà náà kò gba ilé-iṣẹ́ kan láyè láti máa ra ìpín òmíràn bó ṣe wù ú, ni agbẹjọ́rò wọn, Samuel Dodd, bá wá ọgbọ́n yìí.

Ta ló wá fọkàn tán ta níbẹ̀? Ní 1872, àwọn ilé-iṣẹ́ rélùwéè bá Rockefeller àtàwọn èèyàn rẹ̀ dìmọ̀ pọ̀, wọ́n pè é ní South Improvement Company. Wọ́n máa dín owó ẹrù kù fún àwọn tó wà nínú ìmọ̀ náà, wọ́n á sì tún yọ fún wọn lára owó tí àwọn tí wọ́n jọ ń du ọjà bá san. (Ẹ ò rí i pé ojú ò ti ẹlòmíràn!) Àwọn elépo Pennsylvania fárígá, ìjọba ìpínlẹ̀ wọn sì gba ìwé àṣẹ ilé-iṣẹ́ náà padà. Ọmọ ọ̀kan nínú àwọn elépo wọ̀nyẹn ni Ida Tarbell, akọ̀ròyìn tó tú gbogbo àṣírí náà síta nínú ìwé ìròyìn McClure's láti 1902.

“Àdánìkàntà” náà kò wọlé. Nígbà tí Standard Oil lágbára jù, ó tó ìdá 90 nínú 100 epo tí wọ́n ń fọ̀ ní Amẹ́ríkà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, síbẹ̀ àwọn mìíràn ń tà. Nígbà tí ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ fi máa dá ẹjọ́ rẹ̀ ní 1911, àwọn ilé-iṣẹ́ epo mìíràn, Gulf àti Texas Company, ti gba nínú ọjà náà.

Àbá tèmi ni “ẹgbẹ́ ìkáwọ́”. Ohun tó bá wà ní ìkáwọ́ ẹni lè má jẹ́ tẹni, ṣùgbọ́n ẹni ló ń darí rẹ̀. Ohun tí àwọn 9 yẹn ṣe gan-an nìyẹn. Ó tún bá ilé-iṣẹ́ irin U.S. Steel tí J. P. Morgan, olówó báǹkì, dá sílẹ̀ ní 1901 mu, èyí tí àwọn oníròyìn ń pè ní trust bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó kó ìpín lé ẹnì kankan lọ́wọ́ níbẹ̀. Òfin Sherman ti 1890, tí ìjọba Amẹ́ríkà fi gbógun ti àwọn trust, á wá di òfin ìdènà ẹgbẹ́ ìkáwọ́.

Ti “ọlọ́ṣà olówó” (robber baron) tí ẹ fẹ́ fi pe Carnegie, olówó irin, àti Morgan, mi ò bá yín jà. Èébú ni lédè tiwọn náà.

Ó ku ohun tí ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ fi òfin Sherman ṣe sí Standard Oil ní 1911. Ẹ̀gbọ́n kọ ọ́ pé wọ́n “fọ́” ọ. “Pín” ni kí á kọ. Ilé-iṣẹ́ 34 ló di, àwọn onípìn-ín àtijọ́ ló gba ìpín nínú gbogbo wọn, owó Rockefeller sì tún pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.