“Àjèjì” kò bá òfin rọ́gíbì Jàpáànù mu

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹnì kan dábàá pé, ní èdè Yorùbá, ká máa pe àwọn agbábọ́ọ̀lù tí òfin Japan Rugby League One, líìgì rọ́gíbì tó ga jù ní Jàpáànù, fi gbèdéke sí ní “àjèjì”, ká sì máa pe àwọn yòókù ní “ọmọ bíbí”. Èmi ò fara mọ́ ọn.

Ọ̀wọ́ mẹ́ta ni òfin náà ní. Ọ̀wọ́ A ni ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti gbá fún orílẹ̀-èdè Jàpáànù. B ṣì lè ní ẹ̀tọ́ yẹn lọ́jọ́ iwájú. C ti wọ jẹ́sì orílẹ̀-èdè mìíràn ní tiẹ̀. Nínú àwọn 15 tí ẹgbẹ́ kan ní lórí pápá, àwọn ẹni A kò gbọdọ̀ dín ní 11, àwọn ẹni C kò sì gbọdọ̀ ju 3 lọ. Ibi tí wọ́n bí èèyàn sí nìkan kọ́ ni wọ́n ń wò.

Michael Leitch ńkọ́? New Zealand ni wọ́n bí i sí. Ọmọ ọdún 15 ni nígbà tó lọ kàwé ní Sapporo, ó di ọmọ ìlú Jàpáànù ní 2013, òun sì ni balógun ẹgbẹ́ Jàpáànù tó na Gúúsù Áfíríkà 34-32 ní Brighton ní 2015. Ta ló fẹ́ pe onítọ̀hún ní àjèjì?

Àtìpó ni ẹni B: ó ti ń gbé láàárín wọn, ó ń ka oṣù. Ọdún mẹ́ta ni World Rugby, àjọ rọ́gíbì àgbáyé, ń béèrè tẹ́lẹ̀ pé kí èèyàn fi gbé ìlú kó tó lè gbá fún un, kó tó di oṣù 60 ní 2022. Ẹni C, bí Richie Mo'unga tó gbá fún All Blacks, ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè New Zealand, kó tó lọ sí Toshiba, ẹgbẹ́ kan ní Jàpáànù, àlejò pọ́nńbélé ni. Ẹni A wá ni onílé.

Ibi tó ti ta kókó nìyí. Ní 2025 wọ́n kéde pé láti sáà 2026-27, ọ̀wọ́ A yóò pín sí méjì: A-1 fún ẹni tó ṣe ilé-ìwé ọ̀ranyàn ní Jàpáànù, A-2 fún àwọn yòókù. Ilé-ìwé náà ni wọ́n tún ń wò, “ọmọ bíbí” kò wọ ibẹ̀ rárá. Èmi á pe A-1 ní “àtọ́dàgbà”. A-2 ló ń dà mí láàmú. “Àgbàtọ́” kọ́: ẹni tó ti hu irùngbọ̀n kó tó dé, ta ló tọ́ ọ? Ẹlòmíì ní “àfòmọ́”. Ẹ jọ̀ọ́, èébú nìyẹn. Ẹni tó bá mọ ohun tí àwọn àgbà ìlú rẹ̀ ń pe àlejò tó ti gbalẹ̀, tó kọ́lé, tó ń dá owó ìlú, kó bá wa sọ ọ́.